Ẹwà Wo Ló Bù sí I? Òpó àti Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́ Lójú Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Òdo kan tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó sún wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ní ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ni ní Èrúwà, a fi àwòrán òpó ààfin kan sínú ìwé ìdánwò àṣekágbá. Nínú àwòrán náà, ọba jókòó, obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà sì ga ju ọba lọ fíìfíì. Ìbéèrè wa ni pé: 'Sọ ohun márùn-ún tí o rí lára iṣẹ́ ọnà yìí, kí o sì dárúkọ igi mẹ́ta tí a fi ń gbẹ́ ère.' Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ka adé, ẹyẹ, ìlẹ̀kẹ̀, ọmú àti ìjókòó, wọ́n sì gba máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ igi kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó kọ ìlà mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀ pé ìyá àgbà òun sọ fún òun pé ọba kì í fúnra rẹ̀ gbé adé lé ara rẹ̀ lórí, àti pé ẹni tí ń gbé adé léni lórí ní láti ga juni lọ ní wákàtí náà, ìbáà ṣe ìyàwó ẹni. Ìdáhùn yìí kò sí nínú ìlànà ìmáàkì wa. A fún ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òdo.

Nígbà tí a wá jókòó ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa òpó náà, ojú tì wá. Ọmọ yẹn nìkan ni ó ka òpó. Àwa àti àwọn yòókù, iye ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni a kà.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ òpó náà wò, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan tí ó ti inú ààfin kan náà jáde, kí a sì fi wọ́n jiyàn pé ohun ọnà inú ààfin bá oríkì tan. Bí a kò ṣe lè túmọ̀ oríkì láìbi àwọn tí ó ni ín léèrè, bẹ́ẹ̀ náà ni a kò lè túmọ̀ òpó láìgbọ́ ti ẹnu àwọn ará ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí á tún ọ̀nà tí a ń gbà mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ààfin ṣe, kí á sì tún ọ̀nà tí a ń gbà dán wọn wò ṣe pẹ̀lú.

Ààfin àti ohun inú rẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ òwe tí ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe ìtùnú ni, ó sì dára ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wọ ààfin bíi mélòó kan nílẹ̀ wa yóò béèrè pé ẹwà wo? Láyé àtijọ́, ògiri amọ̀ ni ààfin, ewé tàbí koríko ni òrùlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó yí àwọn àgbàlá ká, òpó onígi ni ó sì ru òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ nípa kọ̀bì, ó sì fi hàn pé àmì ilé ọba ni. Nígbà tí ó di 1966, G. J. Afọlábí Òjó kọ odindi ìwé kan lórí ààfin àwọn ọba Yorùbá. Àwọn tí ó ṣáájú wa nínú ìmọ̀ ti rí i pé ààfin kì í ṣe ilé lásán.

Nígbà tí páànù àti sìmẹ́ǹtì dé, ilé ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ní òkè, ó ní fèrèsé onígíláàsì. A kò bẹnu àtẹ́ lu èyí, nítorí kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí ọba òun sùn sí ilé tí kì í jò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni òpó onígi kò ti ní ẹrù tí yóò rù mọ́. Àwọn kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ikán jẹ àwọn kan, àwọn mìíràn sì rìnrìn àjò. Tiwọn ni ọ̀rọ̀ wa.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á là á yé ara wa, ta ni ó ni ohun tí ó wà nínú ààfin? Ní Ìbàràpá níhìn-ín, Èrúwà ní Eléruwà, Igbó-Ọrà ní Olú, Lánlátẹ̀ ní Onílálà. Inú ìdílé ni a ti ń fi ọba jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ohun ìdílé ni ohun ààfin. Ṣùgbọ́n bí ọba bá wàjà, ẹni tí yóò gun orí ìtẹ́ lè wá láti ìdílé ọlọ́mọ-ọba mìíràn, adé àti òpó kì í sì í bá òkú ọba lọ. Nítorí náà ohun ìlú ni pẹ̀lú. Olùtọ́jú ni ọba jẹ́. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ó kan ìtàn ilẹ̀kùn tí a óò sọ.

Òpó Ìkẹ́rẹ́

Òpó tí a fi àwòrán rẹ̀ dán àwọn ọmọ wa wò jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. A bí Ọlọ́wẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní nǹkan bí 1873, ó sì dàgbà sí Ìsẹ̀-Èkìtì, níbi tí ó ti jẹ́ ìránṣẹ́ ọba ìlú náà. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ààfin àwọn ọba mìíràn. Láàrin 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó kú ní nǹkan bí 1938. Òpó tí a ń wí yìí wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà, tí ó rà á ní 1984. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 152, ìyẹn ni pé kò ga ju ọmọ ilé-ìwé girama lọ.

Ẹ jẹ́ kí á kà á bí a ti ń ka ewì. Ọba jókòó ní iwájú, adé ńlá wà lórí rẹ̀, ẹyẹ sì bà sórí adé náà. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn kéékèèké wà ní ẹsẹ̀ ọba: obìnrin kan kúnlẹ̀, ẹnì kan ń fọn fèrè, àwọn onímọ̀ sì ka onífèrè yìí sí Èṣù. Ẹnì kẹta wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó di abẹ̀bẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó ti sọnù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣàkíyèsí ni ìwọ̀n. Olorì ga ju ọba lọ, ọba ga ju àwọn tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan kọ ọ́ pé agbẹ́gilére ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe àṣìṣe. Nínú ewì alohùn, a mọ àsọdùn, a sì ń kọ́ni pé akéwì kì í parọ́ nígbà tí ó bá ń sọ àsọdùn. Ipò ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ara. Gíga olorì yìí ni àsọdùn tí a fi igi sọ. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé olorì àgbà ni ó ń gbé adé lé ọba lórí nígbà ìwúyè. Kò sí bí ọba ti lè lágbára tó, ọwọ́ ẹlòmíràn ni adé ti dé orí rẹ̀. Ẹyẹ tí ó wà lórí adé tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lọ́nà mìíràn, nítorí a mọ̀ pé ẹyẹ orí adé ń tọ́ka sí agbára àwọn ìyá wa. Èyí ni àwítúnwí: ohun kan ni a wí lẹ́ẹ̀mejì, a kàn pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà ni.

Ohun kejì ni ẹrù. Òpó ni èyí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ru òrùlé. Bí a bá wò ó dáadáa, ara olorì ni igi òpó gbà lọ sókè. Òun ni ó ru ilé. Ọba kò ru nǹkan kan ju adé rẹ̀ lọ. A máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ìyàwó ni òpó ilé, ṣùgbọ́n ní Ìkẹ́rẹ́ ojú lásán ni a fi ń rí i. Níhìn-ín ni a ti rí i pé ohun kan sọnù ní Chicago, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tọ́jú òpó náà dáadáa. Kò sí òrùlé lórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá wò ó níbẹ̀ yóò rí obìnrin tí ó ga, kò ní rí ìdí tí obìnrin náà fi gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin.

Ohun kẹta ni ẹni tí ó sọnù. Bí ìlà kan bá já nínú oríkì, a máa ń mọ̀, nítorí pé ohùn yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwọ̀n tí ó wà ní ẹsẹ̀ ọba ti fì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè sọ pé 'ó dà bí ẹni pé nǹkan kù níbí' ti ń ṣe lámèyítọ́, kódà bí kò bá mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ ni.

Ẹnì kan lè ta kò wá pé ojú ìwé ni a fi ń wo igi, pé Ọlọ́wẹ̀ kò mọ àsọdùn tàbí àwítúnwí. Òótọ́ ni pé kò mọ orúkọ tí a sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ki ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò mọ orúkọ wọn náà, bẹ́ẹ̀ ó ń lò wọ́n. Etí tí ó gbọ́ oríkì dàgbà ni ó darí ọwọ́ tí ó di àáké mú.

Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́

Ilẹ̀kùn náà jẹ́ alábala méjì, àwòrán tí ó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan, Captain Ambrose, wá kí Ògògà ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọba jókòó, adé wà lórí rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ wà nítòsí. Àwọn agbérù gbé òyìnbó ní tirẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn ènìyàn náà yọ síta débi pé orí àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó. Wọ́n yí ojú sí ẹni tí ń wò wọ́n.

Ẹ wo bí agbẹ́gilére ti pín àyè. Òyìnbó há mọ́ inú ohun tí wọ́n fi gbé e. Ọba jókòó gbalaja. Ọlọ́wẹ̀ kò bú àlejò náà, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn fi hàn pé ẹni tí ó wá ni wọ́n gbé wá, ẹni tí ó nilé sì jókòó sí ilé rẹ̀. Nígbà tí ó fi ń gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, ìjọba òyìnbó ti fìdí múlẹ̀ ní Èkìtì, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹnu kò lè sọ níwájú ajẹ́lẹ̀ ni a kọ sára ilẹ̀kùn tí ajẹ́lẹ̀ yóò gbà wọlé. Àwọn tí ń kọ́ni ní ewì mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa.

Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀, ó ní òun kò tà á. Níkẹyìn ó gbà pé kí wọ́n fi ìjókòó ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti di ti British Museum.

Ìtàn yìí ni a fẹ́ kí olùkọ́ ṣọ́ra sọ fún ọmọ. Ó rọrùn láti pariwo pé wọ́n jí i. Wọn kò jí i. Ní Àbómè ni wọ́n ti kó ohun ààfin ní ìkógun nígbà tí Ọ̀gágun Dodds ṣẹ́gun ìlú náà ní 1892. Nínú ohun 26 tí ìjọba Faransé dá padà fún orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 2021, ilẹ̀kùn ààfin Ọba Glèlè mẹ́rin wà níbẹ̀. Ti Ìkẹ́rẹ́ yàtọ̀. Ọba ni ó sọ pé òun kò tà, ọba náà ni ó sì sọ ohun tí òun yóò gbà. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí àmì oyè ni ìjókòó jẹ́ fún ọba, kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Síbẹ̀, ìbéèrè méjì kù. Èkíní, ṣé ọwọ́ dọ́gba? Ẹni tí ń béèrè ni ó ń ṣàkóso ilẹ̀. Èkejì, bí ọba bá jẹ́ olùtọ́jú, ṣé a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ fún? Kò tíì sí òfin tí ó dáàbò bo irú ohun bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Nàìjíríà jáde ní 1953, òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin (77) tí ó dá àjọ tí ń mójú tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àti ibi ìrántí sílẹ̀ jáde ní 1979. Ìbéèrè kejì yìí kò sì tíì kú, nítorí ní 2023 ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ọba Ìlú Bìní ni ó ni àwọn ohun ààfin Bìní tí a bá dá padà, àríyànjiyàn sì tẹ̀lé e. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ àròkọ alárìíyànjiyàn, dípò 'Olùkọ́ sàn ju àgbẹ̀ lọ' tí a ti ń kọ láti ìgbà èwe wa.

Ohun tí a kò lè gbé lọ

Igi rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ohun kan kò bá a lọ. Ní 1988, nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, John Pemberton gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Ní 1998, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan, Roslyn Adele Walker sì kọ ìwé lé e lórí. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí a ti rí oríkì náà. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe Chicago. Ẹnu arúgbó obìnrin kan nínú ilé ni. Òpó sọ pé obìnrin ni ó ru ilé, obìnrin náà ni ó sì ru orúkọ agbẹ́gilére dé ọ̀dọ̀ wa.

Ká ní arúgbó yẹn ti kú kí ẹnikẹ́ni tó bi í ńkọ́? Igi yóò wà, a óò mọ gíga rẹ̀, a óò sì mọ ọdún tí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ yóò ti lọ. Irú arúgbó bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní agboolé wa lónìí, wọn kò sì pọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ sí olùkọ́ àti olùdánwò

Bí a ti ń mú àwọn ọmọ lọ sí ààfin kò dára tó. Àwa náà wà lára ẹlẹ́bi. A máa ń kó wọn lọ, wọn a dọ̀bálẹ̀, wọn a kúnlẹ̀, a ya fọ́tò, a kọ orúkọ sí ìwé àlejò, a sì padà sílé. Àròkọ tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn rẹ̀ kì í ju iye yàrá àti àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì lọ. A dábàá ohun mẹ́ta.

Èkíní, kí á ti kọ́ wọn ní oríkì ìlú àti ti ìdílé ọba kí á tó gbéra. Ẹni tí kò mọ oríkì yóò rí ẹyẹ, kò ní mọ ohun tí ẹyẹ ń wí.

Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo, kí ó sì bi ará ilé kan léèrè nípa rẹ̀: ta ni ó ṣe é, ìgbà wo ni a ń lò ó, kí ni a ń sọ sí i? Kí ó tọrọ gáfárà kí ó tó béèrè, kí ó sì mọ̀ pé ohun kan wà nínú ààfin tí ojú ọmọdé kì í rí. Bí wọ́n bá ní 'Ẹ má wo ibẹ̀ yẹn', kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ní kí òun má wò ó. Ìyẹn pàápàá jẹ́ ìmọ̀.

Ẹ̀kẹta kan àwa olùdánwò. Dípò 'Dárúkọ igi mẹ́ta', kí á béèrè pé: 'Nínú àwòrán yìí, ta ni ó ga jù, kí ni ìdí rẹ̀? Fi oríkì tàbí àṣà ìlú rẹ ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.' Bí máàkì bá jẹ́ mẹ́wàá, kí mẹ́ta wà fún ohun tí ojú rí, mẹ́rin fún bí ohun kan ti bá èkejì tan, mẹ́ta fún ẹ̀rí láti ẹnu àgbà tàbí láti inú ìwé. A mọ̀ pé àwọn olùdánwò kan yóò ní irú ìbéèrè yìí ṣòro láti máàkì. Ó ṣòro lóòótọ́. Ọmọ lè purọ́ mọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń mọ òwe àbalàyé yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ hùmọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, a ó sì mọ èyí náà. Kí á kàn fi òfin kékeré kan kún un: ìdáhùn tí kò sí nínú ìlànà ìmáàkì, ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ, kò gbọdọ̀ gba òdo kí olùdánwò kejì tó rí i.

Ìkádìí

A padà lọ sí ilé ọmọ tí a fún ní òdo. A kí ìyá àgbà rẹ̀, a sì jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé ìwé ni kò sọ fún yín ni, àbí ẹ̀yin ni ẹ kò bi ìwé?' A kò rí èsì fọ̀. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá kíláàsì wa sọ̀rọ̀, wọ́n gbà, wọ́n sì wá. A ti dá máàkì ọmọ náà padà.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà lè ṣẹ, bí àwọn tí ó mọ bí ilé ti rí kí ó tó jó bá ṣì wà láàyè, tí ẹnì kan sì ń bi wọ́n. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé tuntun ni a kọ́, a kò tún ilé ọba kọ́. Iṣẹ́ ìbéèrè yẹn, ọwọ́ àwa olùkọ́ Yorùbá ni ó wà.